Ìwé Mẹ́tàdínlógún tí Màmá Tíṣà Dì Sílẹ̀ fún Ọlidé

Ìwé mẹ́tàdínlógún ni a pàdánù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a yàn fún ẹnìkan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní orúkọ nínú, a sì tò wọ́n sínú àpótí onígi kan pé kí a pín wọn ní ọlidé Kérésìmesì. A kò pín wọn. Iná kò jó wọn, àgbàrá kò gbé wọn lọ, olè kò jí wọn. Àwọn tí a ní kí wọ́n máa ṣọ́ wọn ni wọ́n kó wọn fún ẹlẹ́pà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ tèmi, mo sì ń kọ èyí kí àwọn tí wọ́n ṣe é lè mọ̀ pé ẹni tí ó ni ìwé náà ṣì wà láàyè.

Ṣárá, ṣárá, ṣárá. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ sì ti da eruku bo òrùlé páànù gbogbo àdúgbò Ọ̀rányàn, ìró tí a máa ń gbọ́ láti yàrá igun ọ̀tún nínú agbo ilé wa nìyẹn: ìró àlùmọ́gàjí nínú pépà àpò sìmẹ́ńtì. Obìnrin tí ó ń gé pépà náà máa ń jókòó sórí àpótí ìjókòó kúkúrú, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á gbé awò ojú rẹ̀, èyí tí ó fi òwú so lápá kan, sí góńgó imú. Ìkòkò kékeré kan wà lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ògì tí ó nípọn ń hó nínú rẹ̀. A kì í mu ògì yẹn. Òun ni ó fi ń lẹ pépà mọ́ra. Òórùn ògì kíkan, òórùn káńfọ̀ àti òórùn ìwé àtijọ́ para pọ̀ di òórùn ọlidé nínú imú mi, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

N kò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, kò sí ọmọdé tí ó gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀, n kò sì tíì dàgbà tó láti bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Màmá Tíṣà ni gbogbo agbo ilé ń pè é. Kì í ṣe ẹbí wa. Ogiri kan ṣoṣo ni ó pín yàrá rẹ̀ àti tiwa níyà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan kí a tó bí mi, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tẹ̀dó sí ìlú ọ̀nà jíjìn. Ìwé ni ó kù ú kù. Ìwé wà lórí pẹpẹ, ìwé wà lábẹ́ ibùsùn, ìwé wà nínú garawa tí ó ti jò tí kò wúlò fún omi mọ́.

Ní gbogbo ọlidé ọdún, ó máa ń fún olúkúlùkù nínú agbo ilé ní ìwé kan, àtọmọdé àtàgbà. Ó máa ń fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mélòó kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ olùkọ́. Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójúde, tí ó ti lọ sí Mẹ́kà tí ó sì ti bọ̀, ń fi ọwọ́ méjèèjì gba tirẹ̀. Nígbà kan tí ẹnìkan béèrè ohun tí ó kan Alájì nínú ẹ̀bùn Kérésì, Màmá Tíṣà ní ọlidé kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ó ti ń gbàdúrà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, á yan ọ̀kan fún ara rẹ̀, á dì í gẹ́gẹ́ bí ó ṣe di tiwa, kí ó lè tú u ní àárọ̀ Kérésì bí ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Bí ó ṣe ń bo àwọn ìwé náà ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Pépà tí ó wà láàárín àpò sìmẹ́ńtì ni ó ń lò, èyí tí ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì kò tíì kàn. Á gbọ̀n ọ́n, á fi aṣọ tútù nù ún, á sá a sórí okùn bí ẹni sá aṣọ ọmọ. Á wá fi bo ìwé náà níwájú àti lẹ́yìn, kò sì ní kọ ohunkóhun sí ojú rẹ̀. Kò sí àkọlé, kò sí àwòrán. Etí pépà tí a ṣẹ́ sínú ni yóò fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sí, pẹ̀lú gbólóhùn kan tàbí méjì. Ìdí ni pé àwa ọmọdé máa ń yọjú wo ìwé ara wa, a sì máa ń jà nítorí àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ti rí bákan náà, kò sí ìjà. Ó ní ẹni tí kò bá ṣí ìwé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn yìí kì í bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Kérésì, á pe wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, á ti ilẹ̀kùn, á sì bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kì í béèrè irú ìwé tí a fẹ́. Ó gbà pé ohun tí ènìyàn bá fẹ́ràn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wá a lọ. Ohun tí ó ń béèrè ni pé, "Kí ló bà ọ́ lẹ́rù jù lọ lọ́dún yìí?"

Èsì yẹn ni ó fi ń yan ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ fún un pé òkùnkùn ni; ìwé tí ó gbà dá lórí ìràwọ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi di pé òun ni ó ń lọ jókòó síta nígbà tí iná bá lọ. Télọ̀ kò sọ ohun tí ó bá Màmá Tíṣà sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé rẹ̀ dá lórí bí ojú ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti fi awò sójú, gbogbo wa sì mọ ìdí tí àwọn ṣòkòtò tí ó ń rán fi ti ń gùn lẹ́sẹ̀ kan ju ìkejì lọ.

Ìbéèrè yẹn bà mí lẹ́rù ju ẹgba lọ, nítorí mo ní èsì tí n kò lè sọ.

Ikọ́ fée ń bá ìyá mi jà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, á máa fa èémí bí ẹni ń fa omi láti inú kànga jíjìn. Òwú àti bọ́tìnnì ni ó ń tà ní ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ilé ẹ̀kọ́ mi wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè Mápó, láti ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń wo àwọn òrùlé Ọ̀rányàn nísàlẹ̀, tí mo ń wá tiwa láàárín wọn, bí ẹni pé òrùlé lè sọ fún mi bóyá ènìyàn inú rẹ̀ ń mí. Bí wọ́n bá lu agogo ìsinmi, àwọn ẹgbẹ́ mi á sáré lọ sí ibi bọ́ọ̀lù. Èmi á sáré gba ojú títì sọ̀kalẹ̀, á gba ẹ̀yìn fèrèsé Màmá Tíṣà kọjá, á fi ara pamọ́ sí igun ogiri, á wo èjìká ìyá mi bóyá ó ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá ti rí i, mo máa ń sáré padà. Mo pẹ́ dé kíláàsì lójoojúmọ́, wọ́n sì ń nà mí. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó dá mi lójú pé bí mo bá fi ẹnu mi sọ ọ́, mo ti pè é wá nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó pè mí wọlé tí ó bi mí ní ìbéèrè rẹ̀, mo ti múra sílẹ̀.

"Ajá ni, mà."

Ó wò mí láti orí awò ojú rẹ̀. "Ajá wo?"

"Ajá bàbá ọlọ́dẹ, mà."

"Èyí tí kò léyín mọ́?"

"Òun náà ni, mà."

"Ó dáa. Ṣé òun ló ń lé ọ tí o fi ń sáré kọjá lẹ́yìn fèrèsé mi ní ọ̀sán gangan, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá?"

Ó fa pépà mìíràn mọ́ra, ó ní kí n máa lọ. Ní àárọ̀ Kérésì, mo tú ìwé mi níwájú gbogbo agbo ilé. Ìwé nípa ìtọ́jú ajá ni: oúnjẹ rẹ̀, bí a ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bí a ṣe ń yọ eégbọn lára rẹ̀. Odindi ọdún kan ni àwọn ọmọ ilé fi ń pè mí ní Bàbá Ajá. Etí pépà ni mo ká sẹ́yìn kí n tó rí ohun tí ó kọ sí mi: "Ẹ̀rù ayédèrú ni o mú wá, ìwé tí ó bá a mu ni mo fún ọ. Mo ń retí ojúlówó."

Ọdún kan gbáko ni mo fi gbé gbólóhùn yẹn kiri. Mo sì ń sáré síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọkọ̀ akẹ́rù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi ní ẹsẹ̀ òkè Mápó. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbá mi létí.

Nígbà tí oṣù Kejìlá tún dé, Màmá Tíṣà kò lè jókòó sórí àpótí mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Orí ibùsùn ni ó ti ń gé pépà, ìró àlùmọ́gàjí náà sì ti ń dá dúró láàárín, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ tí ó sì gbàgbé ohun tí ó fẹ́ sọ. Àyà ìyá mi ti ń súfèé láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn fúnra mi, n kò sì jẹ́ kí ó béèrè.

"Ẹ̀rù ń bà mí pé ìyá mi lè kú nígbà tí mo bá wà ní ilé ẹ̀kọ́."

Ó gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀. Mo ti ń retí pé yóò sọ fún mi pé ìyá mi kò ní í kú, bí àgbà ṣe máa ń sọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò fà mí mọ́ra, kò gbàdúrà lé mi lórí. Ó béèrè ẹni tí ó tún mọ̀. Mo ní kò sí. A jọ ń gbọ́ ìyá mi láti òdìkejì ogiri, bí ó ṣe ń fa èémí.

Ó wá ní, "O ṣeun tí o kò mú ajá wá lọ́dún yìí. Ìwé tó wà fún èyí, mo ní in. Èmi náà ti kà á rí, nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi wà lórí àìsàn. Dúró de Kérésì."

Mo jáde, ara mi fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Mo ní ẹ̀rù kan, ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ wà, ìwé rẹ̀ sì wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, mo rí i tí ìyá mi náà wọlé tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ó fi òwú funfun tí ó gbà lọ́wọ́ ìyá mi di àwọn ìwé náà, àwa ọmọdé sì yí ibùsùn rẹ̀ ká tí a ń bá a kà á bí ó ṣe ń tò wọ́n sínú àpótí. Mẹ́tàdínlógún. Ó lẹ pépà kan mọ́ ìdérí àpótí náà, ó fi gègé àti tàdáwà kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: "Fún pípín ní Kérésì. Orúkọ wà nínú. Ẹ ṣí i." Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé èwo ni tirẹ̀ nínú wọn. Ó ní lọ́dún yìí, òun wá ẹ̀rù nínú ara òun títí, òun kò rí, nítorí náà òun kò rí ìwé yàn fún ara òun. Ẹ̀rín pa wá. A rò pé ó ń ṣe àwàdà.

Ní ọjọ́ kẹrin, a kò gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí.

Àkọ́bí rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn wá sin ín. Ó gbé àpótí náà àti àwọn ìwé orí pẹpẹ lọ sí yàrá ìkàwé kékeré kan ní Bẹẹrẹ, èyí tí Màmá Tíṣà àti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ dá sílẹ̀, tí ìgbìmọ̀ kan ń bójú tó. Ìgbìmọ̀ náà gbà á, wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò pín in. Kérésì dé, ìyá mi wọ aṣọ, ó fi ìborùn bo imú nítorí ọyẹ́, ó rìn dé Bẹẹrẹ. Wọ́n ní kí ó ní sùúrù, pé wọn kò tíì parí ọ̀rọ̀ ogún olóògbé. Kérésì kejì, wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀. Ogún yẹn kò parí. Àwọn ọmọ olóògbé kò gbọ́ ara wọn yé, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń kú, àwọn mìíràn ń rọ́pò wọn, àwọn tí wọ́n rọ́pò wọn sì jogún gbólóhùn kan náà: ẹ ní sùúrù, ó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni èmi fúnra mi lọ, láti ìgbà tí mo wà ní ṣòkòtò péńpé títí tí irun mi fi funfun. Mo rí àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì láti ojú fèrèsé. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé.

Mo gbà pé mo lè máa fi sùúrù báyìí lọ títí tí èmi náà yóò fi kú. Ohun tí ó mú sùúrù náà tán lọ́dún yìí ni ọmọ mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń lọ sí ilé ìtàwé tí mo sì ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo fẹ́ ra ìwé ọlidé fún ìyàwó mi, fún àwọn ọmọ méjèèjì, fún ọ̀rẹ́ mi kan tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti fún ara mi. Mo máa ń dúró níwájú pẹpẹ, n kò ní í mọ èyí tí n ó mú. Àwọn ẹ̀yìn ìwé náà ń dán, gbogbo wọn ni wọ́n ń kígbe orúkọ ara wọn. Ọmọbìnrin ilé ìtàwé náà bi mí pé kí ni àwọn ènìyàn mi fẹ́ràn. Mo ní ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè tó yẹ. Ó wò mí bí ẹni tí ó fẹ́ pe ọ̀gá rẹ̀.

Mo padà sílé, mo pe àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bi í ní ohun tí ó bà á lẹ́rù jù lọ lọ́dún yìí.

"Aláǹgbá, Dádì."

"Aláǹgbá wo?"

"Èyí tó máa ń mi orí lára ogiri."

Mo wò ó láti orí awò ojú mi. Nínú oṣù Kẹfà, wọ́n sáré gbé mi dé ilé ìwòsàn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ìgbà náà, bí mo bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń la ojú mi bá ọmọ yìí lẹ́nu ọ̀nà, tí ó dúró láìsọ̀rọ̀, tí ó ń wo àyà mi. Kì í ṣe aláǹgbá. Mo mọ ẹ̀rù yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi, mo sì mọ̀ pé ìwé kan wà fún un. N kò mọ àkọlé rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n ti lọ, ẹ̀dà tí ó yàn sì wà nínú àpótí kan ní Bẹẹrẹ.

Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Mo ti pinnu pé n kò ní í kúrò títí wọn yóò fi ṣí àpótí náà lójú mi. Ìdajì yàrá ìkàwé náà ti di ṣọ́ọ̀bù ṣájà fóònù. Ìdajì kejì kún fún àga ike. Ọkùnrin tí ó ń tọ́jú ibẹ̀ kí mi dáadáa, ó gbé àga fún mi. Mo béèrè àpótí.

"Á, àwọn ìwé yẹn. A kó wọn dànù nígbà òjò, ẹ̀gbọ́n. Ìgbìmọ̀ ní ká palẹ̀ ibí mọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni wọ́n, wọn ò lórúkọ lára. Pépà sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi bò wọ́n."

"Ṣé ẹ ṣí ọ̀kan nínú wọn?"

"Ta ló ráyè?"

Mo ní ó wà lára ìdérí àpótí náà pé orúkọ wà nínú. Ó ní ìdérí yẹn le dáadáa, òun ni àwọn fi tún ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ṣe nígbà tí ikán jẹ ẹ́. Mo yíjú. Ó wà níbẹ̀, ìṣó mẹ́rin ni wọ́n fi kàn án mọ́ ilẹ̀kùn tí mo gbà wọlé. Tàdáwà ti ṣá, eruku ẹsẹ̀ ti bò ó, ṣùgbọ́n mo fi ìka nu ún, mo sì kà á: "Orúkọ wà nínú. Ẹ ṣí i." Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ojú rẹ̀ kọjá.

Ó bá mi pe alága ìgbìmọ̀ wọn lórí fóònù. Ọkùnrin náà kò bínú, ohùn rẹ̀ tilẹ̀ dùn. Ó ní àwa alákọ̀wé la máa ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá, pé ìwé àtijọ́ lásán ni, kí n lọ ra tuntun, ọlidé ló kúkú dé yìí. Ó kí mi kú ọdún.

Ọjà'ba ni olùtọ́jú náà júwe fún mi. Obìnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó níbẹ̀ tí ó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà, òun ni wọ́n kó àwọn ìwé náà fún pé kí ó máa fi wé ẹ̀pà. Mo bá a tí ó ń fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò nínú àtẹ. Mo sọ ohun tí mo wá fún un. Ó gbé àtẹ náà kalẹ̀. Ó ní inú ìwé wọn ti tán láti ìgbà àgbàdo, pé ìwé mélòó ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń ra ẹ̀pà kì í lò tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìbòrí rẹ̀ nípọn jù, kò ṣeé ká, òun fi mélòó kan tẹ́ ìsàlẹ̀ àtẹ. Ó da gbogbo ẹ̀pà rẹ̀ sínú abọ́ kí n lè rí wọn.

Mẹ́rin ni. Mo ká etí èkíní, orúkọ ẹni tí n kò mọ̀. Mo ká èkejì, ti Télọ̀ ni, ẹni tí ó ti kú láti bí ogún ọdún. Orúkọ mi ni ó wà nínú ẹ̀kẹta. Pẹ́ńsù rẹ̀ kò parẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nígbà tí ó kọ ọ́, àwọn lẹ́tà náà wọ́ bí ipa ìgbín. "Èyí gùn díẹ̀. Jókòó kà á. Má sáré mọ́."

"Ṣé ẹ̀yin ni?" obìnrin náà béèrè.

Mo ní èmi ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa, bàbá. A ò mọ̀ ni."

Nínú gbogbo àwọn tí ọwọ́ wọn kan àpótí náà láti ìgbà èwe mi, òun nìkan ni ó bẹ̀ mí, òun tí kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Mo mú ìbòrí náà lọ bá ìyá mi ní Ọ̀rányàn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àyà rẹ̀ sì ń súfèé síbẹ̀, bí ó ti ń súfèé láti ìgbà tí mo ti ń retí kí ó dákẹ́. Mo ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí i létí. Ó gbà á, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Nígbà náà ni mo béèrè ohun tí n kò béèrè rí: kí ni ó sọ fún Màmá Tíṣà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn?

"Mo sọ fún un pé ọmọ mi máa ń sáré wá wò mí lójoojúmọ́, ó rò pé n kò rí òun," ó wí. "Mo ní ẹ̀rù ń bà mí pé ọkọ̀ á gbá a nítorí tèmi."

Ìwé tirẹ̀ náà wà nínú àpótí yẹn, kò sì sí ìbòrí rẹ̀ lára mẹ́rin tí ó kù.

N kò rí ìwé fún ọmọ mi. Mo ti bo ìwé mìíràn fún un, ìwé nípa bí ọkàn ènìyàn ṣe ń lù, mo sì fi ìbòrí tèmi bò ó, mo kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ orúkọ mi. Mo jókòó tì í, mo sọ ẹ̀rù tèmi fún un kí ó tó sọ tirẹ̀, ó sì gbà níkẹyìn pé aláǹgbá kọ́. Ohun tí mo ṣì ń gbé kiri nìyẹn: ìbéèrè kan, àti òórùn ògì kíkan. Fún ara mi, n kò tíì yan ohunkóhun. Mo ń dúró de tèmi.

Nítorí náà, mo ń bi ìgbìmọ̀ yàrá ìkàwé náà ní gbangba, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lónìí àti ẹ̀yin tí ẹ ti kúrò níbẹ̀ tí ẹ ṣì wà láàyè. Ta ni ó sọ pé ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n láìṣí ọ̀kan? Ta ni ó pàṣẹ? Àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù ńkọ́, ta ni ó ránṣẹ́ sí wọn tàbí sí ọmọ wọn? Ẹ má sọ fún mi pé kò sí orúkọ lára wọn. Ẹ jáde síta, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ nu eruku kúrò ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yín, ẹ ka ohun tí a kọ síbẹ̀ sókè, kí ẹ tó dá wa lóhùn.